Ínṣì Kan Láàárín Bẹ̀rẹ̀ àti Parí

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, ṣe ni wọ́n yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ògiri kó tó ráyè wọlé. Mo dúró nídìí tábìlì ìgéṣọ mi, mo káwọ́ gbera, mo ń wò ó. Ó gùn bí ibùsùn ẹni méjì, ó fẹ̀ bí ẹnu olófòófó, ọ̀bẹ kékeré kan sì wà lókè rẹ̀ tó ń sáré lọ sáré bọ̀ lórí irin. Màdáámú tó ni ilé iṣẹ́ aṣọ wa na ọwọ́ sí i bí ẹni ń fi ọmọ tuntun han ẹbí.

"Ẹ̀rọ tó ń gé aṣọ fúnra rẹ̀ rèé. Láàárín àkókò tí ẹ fi ń pọ́n àlùmọ́gàjí, ó ti gé ogún ẹ̀wù."

Mo ní, "Màdáámú, tó bá ń gé e fúnra rẹ̀, kí wá ni tèmi?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," ó wí. Àyà mi já, nítorí Màdáámú kì í yin ìbéèrè mi.

Àwa méjì la ń gé aṣọ níbẹ̀. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àlùmọ́gàjí, nítorí iṣẹ́ mi àti nítorí ẹnu mi. Ọdún kejìlélógún mi rèé nídìí tábìlì yẹn. Ẹnì kejì ni Bàbá Tépù, tí kì í yọ tépù lọ́rùn àfi tó bá fẹ́ wẹ̀, ìyẹn náà, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́rìí sí i. Ọdún mọ́kàndínlógún lèmi àti ẹ̀ ti ń bá ara wa jà, a ò sì tíì pa ọjọ́ kan jẹ.

Màdáámú wá là á yé wa. Ẹ̀rọ náà kò mọ nǹkan kan láyé. Ohun téèyàn bá kọ fún un ló máa ṣe, èdè tirẹ̀ sì lèèyàn gbọ́dọ̀ fi kọ ọ́, ní ìlà-ní-ìlà, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì máa dúró tì í.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ní," ó wí. "Kálukú yín á kọ ètò tí ẹ̀rọ á fi gé ẹ̀yìn ẹ̀wù nọ́ọ̀sì ogún níwájú mi. Ẹni tó bá yege ni olórí ìgéṣọ. Ẹni tí kò bá yege, bọ́tìnnì pọ̀ ńlẹ̀ tí a ò rẹ́ni rán, abẹ́ olórí ìgéṣọ náà ni yóò sì máa wà."

Bàbá Tépù rẹ́rìn-ín títí tépù ń jó lọ́rùn rẹ̀. "Ìyá Àlùmọ́gàjí, bọ́tìnnì funfun ni màá kọ́kọ́ gbé fún ọ. Ìwọ tí o kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ wo ló fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Èyí tí kò lẹ́nu bíi tìẹ ni. Láti ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wá ohun tí kò ní lè dá mi lóhùn."

Gbogbo àwọn aránṣọ hó yè. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo àwọn ọwọ́ mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Gbogbo ìyókù, èmi ni mo kọ́ ara mi: mo fi bébà tí wọ́n fi ń di ọjà kọ́ ìwé kíkà, mo fi aṣọ tí mo bà jẹ́ kọ́ aṣọ gígé. Kí n wá lọ máa rán bọ́tìnnì lábẹ́ Bàbá Tépù? Kó máa ju ọwọ́ sí mi pé "wá níbí"? Ó tì o.

Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ obìnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn. Ọdún kẹwàá tó ti wọ ẹbí wa rèé, Ìyàwó sì ni gbogbo wa ń pè é. Mi ò mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí gan-an. Mo mọ̀ pé ó ń jókòó, ó ń tẹ nǹkan, àwọn dókítà sì ń pè é ní ọ̀gá. Ọmọ tó níwà ni. Bó bá ń kí mi lórí fóònù pàápàá, ó ń kúnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló tú àṣírí yẹn fún mi.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo kó ìwé àti bírò, ó di ilé wọn.

"Ìyàwó, èdè ẹ̀rọ ni mo wá kọ́."

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bu omi fún yín."

"Òùngbẹ kọ́ ló fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Gbé kọ̀ǹpútà wá."

Ó palẹ̀ tábìlì ìjẹun mọ́: ọkọ̀ ìṣeré mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan, kọ́ńbù. Ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín wa bí ẹni tó jókòó ti bíṣọ́ọ̀bù.

"Àǹtí mi, ẹ̀rọ dà bí ẹni tó ń gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Kì í ronú. Tẹ́ ẹ bá ní kó máa rìn, tẹ́ ẹ ò sọ ibi tó ti máa dúró, ó lè rìn wọnú odò."

"Mo mọ ẹnì kan bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ ni."

Ó yíjú síbi fèrèsé kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Èdè àjèjì ni wọ́n fi ń kọ àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ náà o. Ìtumọ̀ wọn ni mo kọ sínú ìwé mi, ìtumọ̀ náà ni mo sì ń kọ síbí. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni àpótí. Èèyàn á sọ àpótí kan lórúkọ, á fi nǹkan sí i nínú. Mo sọ tèmi ní *ìbú*, mo fi mọ́kànlélógún sí i, iye ínṣì tí ẹ̀yìn ẹ̀wù nọ́ọ̀sì fẹ̀. Bí mo bá ti wí pé *ìbú* lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ á lọ wo inú àpótí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ó kan BẸ̀RẸ̀ àti PARÍ. Gbogbo àṣẹ tó bá jẹ́ iṣẹ́ kan náà, àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n ń kó wọn sí.

"Bí ọrùn ẹ̀wù àti etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni," mo wí. "Ẹ̀wù tí a ò bá ṣẹ́ etí rẹ̀, yóò tú."

"Àǹtí mi! Ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

Mo wú bíi búrẹ́dì. Mo kọ ìlà márùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ. Ni kọ̀ǹpútà bá kọ nǹkan pupa sójú mi: ÀṢÌṢE NÍ ÌLÀ KẸTA.

"Ta ló ń bá wí?"

"Kò bá ẹnikẹ́ni wí, mà. Ó kàn ń sọ ọ́ ni."

"Ṣé báyìí ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí àgbà? Kò kí mi. Kò béèrè àwọn ọmọ mi. Ó kàn là á mọ́ mi lójú pé àṣìṣe!"

Mo bú u. Mo bú ẹni tó ṣe é. Mo bú ìlà kẹta, mo fi ìlà kẹrin kún un nítorí ó wà níbẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan. Ìyàwó dúró títí mo fi bú tán.

"Ẹ̀bi ẹ̀rọ ni, mà," ó wí. "Àmọ́ BẸ̀RẸ̀ méjì ló rí, PARÍ kan ṣoṣo ló sì rí. Tí a bá wá fi PARÍ kan tù ú nínú, bóyá inú ẹ̀ á rọ̀."

Mo fi PARÍ kan tù ú nínú. Inú ẹ̀ rọ̀.

"Ṣé o rí i?" mo wí. "Mo mọ̀ pé òun ló jẹ̀bi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀kọ́ kejì ni BÍ àti BÍ BẸ́Ẹ̀ KỌ́. Bí aṣọ bá tó, gé e; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dúró. Háà, mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yìí! Mo gbé e délé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé, "Bí ẹ bá fọ abọ́ àárọ̀, oúnjẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dúró." Ó wò mí, ó wo ìkòkò, ó dìde lọ fọ abọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń fi ẹ̀bẹ̀ àti omijé sọ ọ́, kò gbọ́ rí. Àṣé èdè ẹ̀rọ ló ń gbọ́.

Ẹ̀kọ́ kẹta ló fẹ́ pa mí. NÍGBÀ TÍ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí nǹkan bá ṣì rí báyìí, máa ṣe tọ̀hún. Ìgbà tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó tó. Mo ní kó máa gé nígbà tí iye ẹ̀wù bá ṣì kéré sí ogún. Ṣùgbọ́n mi ò sọ fún un pé kó máa kà wọ́n. Ta ló ń sọ fún agéṣọ pé kó máa ka ohun tó ń gé? Iye dúró sórí òdo, ẹ̀rọ sì dà á bolẹ̀: GÉ GÉ GÉ GÉ GÉ, ojú kọ̀ǹpútà kún fọ́fọ́, ó ń yí lọ sókè bí ẹni tí Èṣù ń lé.

"Ó tó! Mo ní ó tó! Ìyàwó, pa á lẹ́nu mọ́!"

Ó tẹ nǹkan méjì, ó dákẹ́. Mo mí kanlẹ̀.

"Ó jọ mí," mo wí.

"Rárá o, mà," Ìyàwó yára dáhùn, "ẹ̀yin máa ń mí."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà ń dùn mí, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín; odindi ọjọ́ méjì ló fi ń tọrọ àforíjì lórí fóònù, bóyá lórí ìkúnlẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a jà lé lórí, àní èmi ni mo jà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: *ìbú = ìbú + 1*.

"Irọ́ ni," mo wí. "Báwo ni ìbú ṣe máa dọ́gba pẹ̀lú ìbú àti ọ̀kan? Kó tó gé aṣọ ló ti ń purọ́!"

"Kì í ṣe pé wọ́n dọ́gba, mà. Ẹ mú ohun tó wà nínú àpótí, ẹ fi ọ̀kan kún un, ẹ dá a padà sínú àpótí náà."

"Ó yé mi," mo wí. Ó yé mi lóòótọ́. Ó yé mi bí ọ̀rọ̀ ìwàásù ṣe ń yéni: títí a ó fi jáde.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ètò náà láìwo ìwé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan fún ẹni tí kì í ṣe télọ̀. A kì í gé aṣọ kó bá ara mu gẹ́lẹ́. Ojú rírán máa ń jẹ aṣọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi àyè sílẹ̀, àláwáǹsì là ń pè é. Ẹ̀wù yòówù kó wá sórí tábìlì mi, kí àlùmọ́gàjí tó kàn án, mo ti fi ínṣì kan kún un. Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n débi pé bí mo bá ń gé búrẹ́dì, mo ń fi àyè sílẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ báyìí:

*ìbú = 21*
*iye = 0*
*NÍGBÀ TÍ iye bá kéré sí 20*
*BẸ̀RẸ̀*
*ìbú = ìbú + 1*
*GÉ ìbú*
*iye = iye + 1*
*PARÍ*

Ìyàwó wò ó. Ó wò ó pẹ́. Ó fi èékánná họ ọrùn.

"Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó dáa gan-an ni. Ìlà tó ń fi ínṣì kún un yìí... ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kó wà, mà?"

"Ibo ló tún yẹ kó wà? Ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ló ń gba àláwáǹsì."

"Òótọ́ ni, mà. Ẹ ò wá ní fẹ́ kó... gba atẹ́gùn díẹ̀ lókè?"

"Ìlà ń gba atẹ́gùn?"

"Rárá, mà."

Ó dìde, ó lọ gbé bísíkíìtì wá. Ó jókòó. Ó tún dìde, ó lọ gbé omi wá.

"Àwọn kan wà, mà," ó wí, ojú rẹ̀ wà lára bísíkíìtì, "tó jẹ́ pé òkè BẸ̀RẸ̀ ni wọ́n máa ń fi irú ìlà yẹn sí. Àwọn kan ni o. Mi ò ní kẹ́ ẹ ṣe bíi tiwọn."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn... àwọn tí wọn ò mọṣẹ́ tó yín, mà."

"Jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é lọ. Èmi ò sí níbẹ̀."

Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi ẹyọ kan dán an wò. Méjìlélógún ló gbé wá: mọ́kànlélógún, àláwáǹsì lé e. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

"Ṣé kí a dán méjì wò, mà? Tàbí mẹ́ta? Eré ni."

"Ìyàwó, ẹni tó mọ ìkínní gé, ó mọ ìkejì gé. Pa á dé."

"Ó dáa, mà."

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì pé. Gbogbo aránṣọ pa máṣìnnì wọn tì, wọ́n rọ̀gbà yí ẹ̀rọ ká. Ìyàwó náà gbàyè níbi iṣẹ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ láyà. Aṣọ tí oòrùn ti jẹ́ kó ṣá ni Màdáámú kó sílẹ̀ fún ìdánwò.

Bàbá Tépù ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Gbogbo wa la mọ bó ṣe kẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ẹni tó ta ẹ̀rọ fún Màdáámú ló kọ odindi ètò náà sórí bébà fún un, ó sì há a sórí bí ọmọdé ṣe ń há táblù ìṣírò. Bí ẹ bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́ wa láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ óò gbọ́ ọ níbẹ̀ tó ń kà á. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó débi kan tó gbàgbé, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó tún kà á látòkè. Àmọ́ ó kọ ọ́ tán. Ẹ̀rọ hùn, ọ̀bẹ sáré, ogún aṣọ jáde, gbogbo wọn jẹ́ ínṣì méjìlélógún, bákan náà bí eyín kọ́ńbù. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó wá kàn mí, mo ki fláàṣì tí ètò mi wà nínú rẹ̀ bọ ara ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́ jáde: méjìlélógún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìkejì jáde, ó rẹwà. Ìkẹta jáde. Bàbá Tépù na ọrùn bí adìẹ tó rí kòkòrò. Ó yọ tépù, ó wọn ìkẹrin.

"Márùndínlọ́gbọ̀n," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí oyin kán sí lẹ́nu.

Ìkarùn-ún jáde. "Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!"

"Nọ́ọ̀sì tó ni èyí lóyún," aránṣọ kan wí lẹ́yìn.

Ìkẹjọ jáde. "Oyún ìbejì ni!"

Nígbà tó fi máa di ìkẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n ní aláìsàn àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lè jọ wọ ọ́. Mo ń wo ọ̀bẹ yẹn bó ṣe ń lọ jìnnà sí i, jìnnà sí i, mi ò sì lè dá a dúró. Èyí tó pé ogún jáde, ínṣì mọ́kànlélógójì, ẹ̀yìn nìkan o, iwájú ò tíì dé! Bàbá Tépù ká a mọ́ra, ó fi ń jó, ó fa etí rẹ̀ nílẹ̀ bí ìyàwó tuntun. "Ẹ bá mi wá ọkọ! Ẹ bá mi wá ọkọ!"

Màdáámú kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àlùmọ́gàjí, ó dùn mí. Ọdún méjìlélógún kì í ṣe ọjọ́ méjìlélógún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ la jọ sọ."

Ẹ̀rù tó ń bà mí kò jẹ́ kí n rí èébú kankan bú. Mo ní, "Màdáámú, ẹ jẹ́ kí n ka ohun tí mo kọ kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Ó mi orí.

Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya àpótí kan sórí tábìlì ìgéṣọ mi. Mo kọ mọ́kànlélógún sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètò mi sókè, mo ń ṣe ohun tó ní kí n ṣe, kò sí ohun tó lé, kò sí ohun tó dín. Fi ọ̀kan kún un: mo pa mọ́kànlélógún rẹ́, mo kọ méjìlélógún. Gé. Kà á. Mo padà sí BẸ̀RẸ̀. Fi ọ̀kan kún un. Mo wo inú àpótí. Méjìlélógún ló wà níbẹ̀. Mo fẹ́ na ọwọ́ sí tépù láti tún wọn mọ́kànlélógún mi, ọwọ́ mi dúró sófuurufú.

Níbẹ̀ ló ti yé mi. Fún ọdún méjìlélógún, bí mo bá gé ẹ̀wù kan tán, mo ń padà sídìí tépù kí n tó gé òmíràn. Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é. Ọwọ́ mi ló ń lọ síbẹ̀. Ẹ̀rọ ò ní tépù lọ́rùn. Èyí tó gé kẹ́yìn ló ń wò, ó ń fi ínṣì kún èyí tí mo ti fi ínṣì kún.

"Inú àpótí kan náà ni mo ń dá a padà sí!" mo kígbe. "Òkè BẸ̀RẸ̀ ló yẹ kí ìlà yìí wà! Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo yíjú. Ìyàwó ni.

"Ìyàwó. O rí i?"

"Mo rí i, mà."

"Nígbà wo?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ ọ́, mà. Mo béèrè pé ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ kó wà."

"Ṣé sísọ nìyẹn?"

"Mo ní bóyá kó gba atẹ́gùn lókè, mà." Ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. "Mo tún gbé bísíkíìtì wá."

Ilé wó fún ẹ̀rín. Màdáámú pàápàá dì mọ́ ẹ̀rọ. Bàbá Tépù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀wù nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń nu ojú. "Bísíkíìtì! Ó fi bísíkíìtì kìlọ̀ fún un!"

Mo fẹ́ bínú. Mo wá ẹni tí màá bínú sí, mo wá a yíká iyàrá náà, mi ò rí ju ara mi lọ. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo gbé ìlà náà kúrò lábẹ́ BẸ̀RẸ̀, mo gbé e lọ sókè NÍGBÀ TÍ. Àwọn aṣọ ńlá yẹn kò ṣòfò, nítorí aṣọ tó tóbi ṣì ṣeé gé kù. Mo kó wọn padà sábẹ́ ọ̀bẹ. Ogún jáde. Bàbá Tépù wọ̀n wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ rí ọ̀kan tó ṣì. Méjìlélógún ni gbogbo wọn.

"Ọ̀mì," Màdáámú wí. "Ó dáa. Àwọn nọ́ọ̀sì mi kò sanra bákan náà. Ẹ gé méjìlá fún mi, kó jẹ́ ínṣì márùndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú àláwáǹsì."

Èmi tún nọ́ńbà méjì kọ: mẹ́rìnlélógún dípò mọ́kànlélógún, méjìlá dípò ogún. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Bàbá Tépù dúró síwájú kọ̀ǹpútà. Ètè rẹ̀ mì. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ètè rẹ̀ tún mì. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lórí, kò mọ èyí tó ń ṣe kí nínú wọn. Nígbà tó yá, ó fi ìgboyà ọkùnrin ki méjìlá bọ àpótí ìbú, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ gé ogún aṣọ tó ṣe wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Nọ́ọ̀sì ọmọláńgidi," mo wí. Ẹnu mi ti padà bọ̀ sípò.

Màdáámú gbé ọwọ́ sókè. "Ìyá Àlùmọ́gàjí ni olórí ìgéṣọ. Àmọ́ ẹ gbọ́. Ìwọ, mo ti rí àrùn tó ń ṣe ọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún ọ pé o ṣì í. Ìyàwó yín yìí mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹnu rẹ ló jẹ́ kó máa gbé bísíkíìtì kiri. Láti òní lọ, ètò kankan kò gbọdọ̀ wọnú ẹ̀rọ mi láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́kọ́ kà á, ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ."

Gbogbo ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀díẹ̀, lọ síbi tí ọkùnrin kan ti ń tún tépù rẹ̀ ṣe lọ́rùn.

"Màdáámú," mo wí, "ẹ fún mi ní bọ́tìnnì."

"Mo ti sọ̀rọ̀. Ìwọ ni yóò sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á."

Bàbá Tépù ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi ìjọba lé lọ́wọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé ètò tuntun síwájú rẹ̀, ètò apá ẹ̀wù. Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta nílé. Mi ò tíì fìdí kan àga tó fi na ìka sí i.

"Ìlà kejì!"

"Kí ló ṣe ìlà kejì?"

"Mi ò tíì mọ̀. Àmọ́ mo mọ̀ ọ́. O ti ṣì í."

"O ò tíì mọ ohun tí àpótí jẹ́, o ti ń dájọ́! Jókòó dáadáa, òpè, kí n kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́."

Mo fa bébà náà sọ́dọ̀ mi láti fi ìlà kejì hàn án bó ṣe pé tó. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo tún kà á. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo ní kí ẹnì kan bá mi wá bírò.